Orúkọ Ara Sìmẹ́ǹtì

"Ẹ fi 'h' méjì sí i, mà. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn."

"Kí ni ti ẹ̀yìn yẹn fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń ṣọ́lé ni!" Onídìrí náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi tún un ṣe o. Wọ́n ní bí èèyàn bá gbé orúkọ wíwọ́ wọlé tọ ẹ̀yin Tíṣà Abẹ́rẹ́, títọ́ ló máa gbé jáde."

Ìyá aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó na aṣọ ìbora ọmọ náà mọ́ inú òrùka igi, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ náà sí i pẹ̀lú 'h' méjèèjì. Bí ó bá ṣe ọjọ́ mìíràn ni, ìbá ti sọ pé fífi 'h' kún orúkọ kò yàtọ̀ sí kí egungun ẹja há ọmọ lọ́fun. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí ni ọkọ ọmọ rẹ̀ ti pè é láti ilé ìwòsàn pé ọmọ tuntun tí wọ́n bí kò sí mọ́. Ó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, kí ìyá má tíì wá, òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá ní, "Mo gbọ́." Ó gbálẹ̀, ó fi epo sẹ́nu ẹ̀rọ, ó jókòó ti iṣẹ́. Ó ń retí ẹkún bí ẹni ń retí ọkọ̀ ní ìdíkọ̀. Ẹkún kò dé.

"Ẹ dákẹ́ jù lónìí, mà. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Padà wá lọ́la."

"Ẹ ṣé o. Wọ́n ní ẹ̀yin náà ń retí ọmọ-ọmọ. Ẹ ó fọwọ́ yín gbé e jó."

"Àmín," ni ìyá dáhùn.

Nígbà tí onídìrí lọ tán, ó bojú wo orí pẹpẹ. Aṣọ ìbora kan wà níbẹ̀, tí ó ti ká dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ni ó mú un wá, tòun ti orúkọ tí ó fẹ́ kí wọ́n rán sí i, torí àyẹ̀wò ti fi hàn pé obìnrin ni ọmọ náà. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó fi 'h' sí i láàárín, ó sì fi 'u' méjì parí rẹ̀.

"Kí ni o sọ orúkọ rere yìí dà?" ni ìyá bi í lọ́jọ́ náà. "Ṣé àṣà ìgbàlódé náà nìyí?"

"Bí a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, Màámi. Ẹ ṣáà bá mi rán an."

Ìyá kò jiyàn. Ó rán an bí ó ṣe yẹ kí ó rí lójú tirẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe fún oníbàárà. Ó gbà pé bí wọ́n bá rí i bí ó ṣe dára tó, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Bíríkìlà ni, ojú rẹ̀ ti wú.

"Màámi, ó ní kí n wá gba aṣọ yẹn. Òun ni wọ́n máa fi wé ọmọ náà láti sin ín láàárọ̀ ọ̀la."

Ìyá nà án sí i. Bíríkìlà tú u, ó fi àtàǹpàkò tọ ipa òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó dára, mà."

"Sọ tinú rẹ."

"Kò sí nǹkan, mà."

"Bíríkìlà, mo ní sọ ọ́."

"Bàbá mi ò kàwé, mà. Nígbà tí wọ́n kọ́lé wa tán, kí sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà tó gbẹ, wọ́n fi ìṣó kọ orúkọ màmá mi sí i. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Bó ṣe dún létí wọn ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Gbogbo àdúgbò ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n màmá mi ò gbà kí wọ́n tún un ṣe. Àràárọ̀ ni màmá mi máa ń gbálẹ̀ ibẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ibẹ̀ la ti mú orúkọ náà, tòun ti 'h' rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wo ilẹ̀. "Ìyàwó mi ní ẹ máa rẹ́rìn-ín ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà. "Ẹ má dààmú, mà. Màá ká ojú ibẹ̀ sínú. Kò ní rí i."

Ìyá na ọwọ́. "Gbé e wá."

Ó mú abẹ fẹ́lẹ́, ó sì ń já òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà tẹ̀ lé lẹ́tà. Ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣẹ́ kù lára aṣọ náà, kéékèèké, kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí ìyẹn. Ó ti ṣọ́ọ̀kì sọ́wọ́ bíríkìlà.

"Kọ ọ́ bí bàbá rẹ ṣe kọ ọ́."

Bíríkìlà tẹríba, ó kọ ọ́ gàgàrà gàgàrà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ sì dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Jókòó," ni ìyá wí. "Bí mo bá rán an tán, a ó jọ lọ ni."

Ó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó wo lẹ́tà tí ó dagun náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, ó sì tẹ̀ lé e bí ó ṣe dagun.