Ọjọ́ Mẹ́fà Tí Mo Fi Dákẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi, Nasrullah, nígbà tí iléèwé rẹ̀ kó wọn lọ sí pápá yìnyín ní Streatham. Àwọn ọmọ yòókù rọ̀ mọ́ ògiri, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ń ṣubú, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, títí tí olùkọ́ wọn fi ní ó tó. Nígbà tó délé wa ní Peckham, ó sọ fún bàbá wa pé òun fẹ́ padà síbẹ̀. Bàbá wa, Alhaji Làtíìfù, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà, rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Wọ́n ní, "A óò lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń lọ.

Họ́kì orí yìnyín kì í ṣe eré tí àwọn èèyàn wa mọ̀. Tí wọ́n bá bi bàbá wa ní mọ́ṣáláṣí pé kí ni ọmọ yín ń gbá, wọ́n á ṣàlàyé títí: pé bàtà tó ní irin lábẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, pé ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì sínú àwọ̀n, pé wọ́n máa ń fi ara gbá ara wọn mọ́ ògiri. Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín. Bàbá wa kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní pápá náà, nítorí náà tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, àwọn méjèèjì á jáde. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ máa ń bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Màá jókòó ti bàbá wa nínú òtútù yẹn, ojú wọn á kàn máa tẹ̀ lé ọmọ náà káàkiri.

Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ẹgbẹ́ Hollin Stags, tó wà lápá àríwá, ní kí ó wá gbá fún àwọn. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ olówó oṣù. Kóòṣì wọn, Jethro, fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, màmá wa sì fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ó ní, "Ọmọ yín ní ẹsẹ̀, ó sì ní ojú. Ọgbọ́n ló kù. Mi ò ní kánjú lò ó. Ẹgbẹ́ tó bá kánjú lo ọmọdé ló ń ba ọmọdé jẹ́."

Bàbá wa bi í pé, "Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbá?"

"Nígbà tí mo bá fọkàn tán an."

Bàbá wa mirí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ nínú wa.

Ọdún àkọ́kọ́, Nasrullah kò fi bẹ́ẹ̀ gbá nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ló ń bá wọn ṣe ìdánrawò. Ó ń gbé irin, ó ń jókòó wo fídíò àwọn tó gbá eré tó kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré, ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń fi í sí. Nínú eré yìí, ènìyàn kì í pẹ́ lórí yìnyín. Ìṣẹ́jú kan, kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, àwọn mìíràn á rọ́pò wọn. Ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì ni kóòṣì ń dúró sí. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn léjìká ló máa wọlé.

Nasrullah sọ fún mi lórí fóònù pé, "Aunty Rahmah, ọwọ́ yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Ní oṣù kọkànlá, ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó ti pọ́ọ̀kì kọjá níwájú àwọ̀n tiwọn, ọmọ ẹgbẹ́ kejì já a gbà, ó gbá a wọlé. Eré mẹ́fà gbáko ló fi jókòó lẹ́yìn náà. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin Kánádà kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ṣe irú àṣìṣe kan náà gẹ́lẹ́. Kóòṣì fọwọ́ kàn án léjìká, ó tún wọlé padà. Nasrullah fìgboyà lọ bá kóòṣì. Èsì tó fún un nìyí: "Mo mọ gbogbo àṣìṣe tó kù lára ọkùnrin yẹn. Mi ò mọ iye tó kù lára tìẹ."

Mo bínú nígbà tí mo gbọ́. Òun kò bínú. Ó ní òótọ́ ni.

Ọdún kejì ni orúnkún ọkùnrin Kánádà náà yẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè dí àyè rẹ̀, ni ọwọ́ kóòṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan èjìká àbúrò mi. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Méjìlá. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kejìlá, ó ti ń gbá ìṣẹ́jú méjìdínlógún nínú eré kan. Ìwé ìròyìn ìlú náà kọ orúkọ rẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ní kí bàbá wa fi fídíò rẹ̀ han àwọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ti mú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan wá, Boaz, ìyẹn sì ti jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Nasrullah ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wò. Èmi náà wò ó rí."

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kìíní, ẹnì kan fi ara gbá a mọ́ ògiri. Ó dìde. Wọ́n bi í bóyá ara rẹ̀ le, ó ní ó le, ó sì gbá eré náà tán. Wọ́n fún wọn ní ìsinmi ọjọ́ méjì, ó wá sílé.

Màmá wa, Àsúmáù, ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní Brockley, wọn kì í sì í tètè dé. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní kẹ́míìsì kan ní Rye Lane, ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn sì ni ìsinmi mi. Èmi nìkan ni mo wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán, kọ́tìnì yàrá rẹ̀ ṣì wà ní títì. Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo bá a tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Abọ́ tó bì sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

"Oúnjẹ ni."

"Nasrullah, oúnjẹ wo? O ò jẹun láti àná."

Kò wojú mi. Nígbà tó yá ló sọ ọ́. Ó ní láti Sátidé ni orí òun ti ń dún bí ẹni pé nǹkan há sí i, pé ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú, pé òun kò rántí bí òun ṣe dé inú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ lẹ́yìn eré.

Ibi tí mò ń ṣiṣẹ́, a máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé tí ẹnì kan bá forí gbá, tó sì ń bì, kí wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà. Mo ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹ̀yìn káńtà. Mo sọ ọ́ fún òun náà. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá sọ, wọ́n á ní kí n jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò mọ̀. Boaz á bọ́ sáyè mi. Tó bá gbá dáadáa, ó parí nìyẹn. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi dúró kí ọkùnrin yẹn tó fọkàn tán mi."

"Tó bá wá burú ńkọ́?"

"Tó bá fi máa di Tọ́sìdé tí kò tíì lọ, màá sọ fún dókítà ẹgbẹ́. Mo búra. Ẹ má sọ fún Mummy."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ tó ń ṣubú tó ń dìde, mo rántí bàbá wa nínú òtútù, mo sì ní kò burú. Mo da ohun tó wà nínú abọ́ nù, mo fọ̀ ọ́. Mo fún un ní hóró parasítámọ́ọ̀lù méjì látinú báàgì mi. Nígbà tí màmá wa dé, mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó padà sí àríwá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé mo kọ̀wé sí i lórí fóònù: orí ńkọ́? Ó dáhùn: ó ti lọ. Kò pẹ́ kó tó dáhùn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló sì kọ, òun tó máa ń kọ̀wé gígùn sí mi. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo di fóònù náà mú nídìí káńtà títí tí oníbàárà kan fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo wà níbí." Mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa jókòó ti kọ̀ǹpútà ní pálọ̀, a ń wo eré náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fi góòlù kan ṣíwájú, ó ku ìṣẹ́jú méjì. Irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn tó dàgbà jù ni kóòṣì ń lò. A rí i tó rìn lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, tó fọwọ́ kan Nasrullah léjìká. Bàbá wa dìde dúró. 

Kò tilẹ̀ le púpọ̀. Ẹnì kan fi èjìká kàn án bí wọ́n ṣe ń lé pọ́ọ̀kì lọ sí kọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ ti bá a nígbà ọgọ́rùn-ún. Ó ṣubú.

Màmá wa ní, "Kí ló dé tí kò dìde?"

Wọ́n tún un sọ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, "Làtíìfù, kí ló dé tí kò dìde?"

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la dé ọ́sípítù náà. Wọ́n ti ṣí agbárí rẹ̀ láti fa ẹ̀jẹ̀ tó dà síbẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń bá a mí. Dókítà ní ó dà bíi pé ọpọlọ rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́ tẹ́lẹ̀, pé gbígbá ẹlẹ́ẹ̀kejì ló bá a nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì jinná. Kóòṣì Jethro wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Kò sọ fún wa. Ọlọ́run gbọ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Màmá wa wò ó, wọ́n wá yíjú sí bàbá wa, wọ́n yíjú sí mi. Mo ń wo bàtà mi.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni Nasrullah lajú. Wọ́n gbé e wá sí ọ́sípítù kan lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn oṣù méjì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nígbà mìíràn kì í sì í rí èyí tó ń wá. Lọ́sẹ̀ tó padà délé, lẹ́tà ẹgbẹ́ náà dé. Wọ́n ń ṣe ìwádìí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa ìgbà àkọ́kọ́ tó forí gbá.

Màmá wa wà nídìí síńkì nígbà tí mo gbé lẹ́tà náà wọ ilé ìdáná. Mo ní, "Mummy, èmi mọ̀."

Wọ́n pa omi ẹ̀rọ. "O mọ kí ni?"

"Ọjọ́ Mọ́ńdè tó wà nílé. Ó bì. Ó sọ fún mi. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. "Mọ́ńdè sí Sátidé. Ọjọ́ mẹ́fà."

"Ẹ má bínú, mà."

Wọn ò bú mi. Wọn ò sunkún. Wọ́n jáde, wọ́n sì lọ jókòó ti Nasrullah. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó tún bá mi sọ ohun tó ju "mú un dání níbí" tàbí "sún mọ́ ọ̀hún" lọ, tí a bá jọ ń wẹ̀ ẹ́. Bàbá wa náà gbọ́. Wọ́n ní kádàrá ni, wọ́n sì dáwọ́ dúró láti máa jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú wa.

Mo fọwọ́ ara mi kọ ohun tí mo mọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Jethro wá. Ó tún bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó ti Nasrullah fún wákàtí kan, ó ń sọ ìròyìn ẹgbẹ́ fún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ń lọ, mo sìn ín dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Ká ní ó sọ fún yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, tí ara rẹ̀ sì wá yá tán, ṣé ẹ óò dá àyè rẹ̀ padà fún un?"

Mo rí i pé irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ tó fẹ́ pa, tó sì gbé e mì.

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Boaz ń gbá dáadáa."

Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá kí n lè sọ nǹkan. Mo ṣílẹ̀kùn ìta fún un. Ó kọjá sójú títì, ó dúró de bọ́ọ̀sì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá wa pè mí. Wọ́n ní, "Láti ìsinsìnyí lọ, ìwọ ni kí o máa mú un lọ rí dókítà. Gbogbo ohun tí o bá rí lára rẹ̀, sọ ọ́. Ì báà máa wò ọ́ lójú."

Mo ní, "Ó dáa, mà."

Ọjọ́ Tọ́sìdé tó tẹ̀ lé e la lọ. Dókítà obìnrin náà bi í pé báwo ni ara. Nasrullah rẹ́rìn-ín sí i, ó wá ọ̀rọ̀, ó rí i. "Ara mi dá."

Mo ní, "Kò dá, dókítà. Ó dákú lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Jímọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lówùúrọ̀, ó sì ń da oògùn alẹ́ nù sínú síńkì."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nasrullah yíjú sí fèrèsé. Nínú bọ́ọ̀sì títí a fi dé Peckham, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Mo fa ọwọ́ òsì rẹ̀ sínú ìbọ̀wọ́, mo sì jẹ́ kó máa bínú.