Ẹ̀rọ Tí Kò Gba Àṣẹ Àpọ́nlé

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣì wà ní ọ́fíìsì ètò ìdàgbàsókè oko ní Ṣakí, Àpọ́nlé nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ojú ẹ̀rọ náà dúdú, kò ní àwòrán kankan. Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ àṣẹ tó máa tẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, ẹ̀rọ á ní òun ò gbọ́. Ìbàdàn ni Àpọ́nlé ti lọ kọ́ ọ, ẹkún ló sì fi kọ́ ọ. Nígbà tó padà dé, Ọ̀gá Akínyẹlé fúnra rẹ̀ a máa káwọ́ sẹ́yìn dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, kó máa retí kó parí. Yẹ̀kínì tó ń wa katakata kì í ti oko bọ̀ kó má ra wàrà fún un lọ́nà, torí òun ló ń tẹ ètò oko tí katakata máa kọ́kọ́ ro.

Àpọ́nlé fẹ́ràn kí wọ́n máa dúró de òun bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn wàrà yẹn náà.

Ní ọdún 1988, bí ọyẹ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé. Ojú tirẹ̀ funfun, àwòrán kéékèèké sì wà níbẹ̀: ti ìwé, ti fáìlì, ti apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ní okùn bí ìrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; eku ni wọ́n pè é. Ọkùnrin tó gbé e wá ní kí ẹnikẹ́ni wá dán an wò. Àdìjátù, ọmọbìnrin tó ń tẹ lẹ́tà fún wọn lórí táípù, ló jókòó. Oòrùn ò tíì kan àtàrí tó fi tẹ lẹ́tà kan tán.

"Àǹtí Àpọ́nlé, ẹ wá wò ó! Kò tiẹ̀ le rárá!"

Àpọ́nlé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó yíjú sí ọkùnrin náà.

"Níbo ni mo ti máa tẹ àṣẹ sí?"

"Ẹ ò nílò àṣẹ, mà. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ tọ́ka sí i."

"Bí ohun tí mo fẹ́ ò bá sí nínú àwòrán yín ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ojú Ọ̀gá. Àpọ́nlé bá kọjú sí Ọ̀gá. "Ẹ̀rọ tí ò jẹ́ kí n wọ inú rẹ̀, sà, báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe lọ́jọ́ tó bá dàrú?"

"Èèyàn mélòó ló lè lo tìrẹ?" ni Ọ̀gá wí. "Ọjọ́ tí ibà dá ọ dúbúlẹ̀, gbogbo wa la jókòó tí à ń wo ara wa."

Òótọ́ ni, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn àga Àpọ́nlé ṣófo. Wàrà Yẹ̀kínì bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí tábìlì Àdìjátù. Ọmọbìnrin náà bu díẹ̀ wá fún un, Àpọ́nlé ní inú ń run òun. Bí eku yẹn bá ti dún lábẹ́ ìka Àdìjátù, ara Àpọ́nlé á gbóná. Wàhálà tí òun ṣe ní Ìbàdàn, ṣé lásán ni? Ọmọ tí kò sunkún ọjọ́ kan péré!

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àdìjátù jáde lọ kírun Àílà. Àpọ́nlé lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ tuntun. Ètò katakata wà níbẹ̀ bí ìwé kékeré kan. Ó fi eku fà á, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó sì da apẹ̀rẹ̀ náà nù. Lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ì bá ti tẹ àṣẹ ìparẹ́, kó tún tẹ orúkọ ìwé náà tán pátá. Bóyá ojú ì bá tì í kó tó dé ìdajì. Èyí kò fún un láyè ìtìjú.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbẹ̀ ti Àgọ́-Àrẹ dé, wọ́n ń dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò. Àdìjátù wá ètò náà tì.

"Bóyá ọwọ́ mi ló ṣì í tẹ̀," ó ń sunkún.

"Àpọ́nlé," ni Ọ̀gá pè, "wá gbà wá."

Gbogbo ojú yí sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pòǹgbẹ fún un láti ọjọ́ yìí wá. Lórí ẹ̀rọ dúdú, ó mọ ọ̀nà tó lè gbà wá ohun tó bá sọnù. Lórí èyí, ó mú eku, ó tì í síwá, ó tì í sẹ́yìn, kò rí ẹnu ọ̀nà kankan. Ẹkún Àdìjátù kò dáwọ́ dúró.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ," ni Àpọ́nlé wí. "Èmi ni mo dà á nù."

Yẹ̀kínì ló lọ pe àwọn àgbẹ̀ wọlé, kí kálukú wá sọ ibi tí oko rẹ̀ wà. Àdìjátù nu ojú, ó tún ètò náà tẹ̀.

Ọ̀gá ní kí Àpọ́nlé lọ máa ta ajílẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù wọn ní Òtu. Lọ́jọ́ tó ń palẹ̀ mọ́, Àdìjátù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ò sì sọ fún mi pé ó ń dùn yín, Àǹtí. Ǹ bá ti rọra máa yọ̀."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Mọ́tò fọn fèrè níta. Àdìjátù gbé báàgì tó wúwo jù níbẹ̀. Àpọ́nlé ṣì ń jowú ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó bá òun gbé e dé ìdí mọ́tò.