Yìnyín Ẹnu Fèrèsé Ilé Ìwẹ̀

Ẹ wo Kunihiko bó ṣe jókòó. Àgbà ọkùnrin tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ kúbùsù nínú yàrá kékeré kan lókè ilé ìyá rẹ̀, ó ki íápíìsì bọ etí, ó ń tọ́jú ilé èrò. Kì í ṣe ilé èrò tí ìyá rẹ̀ ń sá sókè sá sódò nínú rẹ̀ nísàlẹ̀ o. Ilé èrò inú kọ̀ǹpútà ni. Èyí tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ kó tó kú, tó kù sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ì bá sì di tirẹ̀ bó bá lè dìde, kò fẹ́ mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀.

"Ilé Èrò Ẹnu Ààlà" ni wọ́n ń pe géèmù náà. Ti àgbàlagbà ni, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí eré sísá. Àwòrán ni, àti ọ̀rọ̀ kíkà, àti ohùn àwọn obìnrin. Bí ìtàn bá dé oríta, wọn á bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá yan ìdáhùn kan, ìtàn á sì gba ibi tí o yàn lọ. Ààlà ayé àwọn ènìyàn àti ayé àwọn iwin ni ilé èrò ọ̀hún wà, obìnrin nìkan ló sì ń wọ̀ síbẹ̀: oníwo, abìyẹ́, èyí tó ní ìrù ẹja. Bí o bá tọ́jú wọn dáadáa, tí o mọ oúnjẹ tí kálukú ń fẹ́, tí o mọ ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè ọ̀rọ̀, bó pẹ́ bó yá, wọn á tú ìgbànú aṣọ ìwẹ̀ wọn fún ọ.

Ohun tí àwọn ọkùnrin ń torí rẹ̀ ra géèmù náà nìyẹn. Kunihiko náà, ohun tó torí rẹ̀ rà á nìyẹn, kí la fẹ́ máa purọ́ fún? Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń fo ibẹ̀. Bí obìnrin bá ti fọwọ́ kan ìgbànú báyìí, Kunihiko á tẹ bọ́tìnnì, á fò ó dànù, kí ilẹ̀ lè tètè mọ́ nínú géèmù, kí àlejò wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó yíjú padà, kó ní: "Onílé, kò síbi tí wọ́n ti tọ́jú mi báyìí rí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń wá. Á gbọ́ ọ, omi á sì dà lójú rẹ̀. Ọkùnrin ńlá!

Ẹ má tíì bú u. Ilé ìtura ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo tẹ́lẹ̀. Ẹrù àlejò kan sọnù, àlejò náà tọ́ka sí i níwájú gbogbo èrò, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló gbé e. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé òun kọ́. Síbẹ̀, ọ̀gá ní kó kúnlẹ̀, kó fi iwájú orí kan ilẹ̀, kó tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe. Ó kúnlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ wálé lórí òkè tó kún fún yìnyín yìí, ó gun àtẹ̀gùn lọ sínú yàrá tó ń sùn nígbà tó wà lọ́mọdé, ó fa ilẹ̀kùn dé. Àtìgbà náà ni ìyá rẹ̀, Fumie, ti ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà: ìrẹsì, ọbẹ̀ míso, ẹja díẹ̀. Á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, á máa lọ. Àwọn ará àdúgbò a máa bi í pé, "Ọmọ yín ńkọ́?" Á ní, "Ó wà, ó ń ṣiṣẹ́ lókè." Ìyá ni wúrà. Irọ́ náà kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí Kunihiko ń ṣe nílé yẹn. Omi gbígbóná ibẹ̀, láti inú òkè ló ti ń sun wá, gáàsì sì wà nínú rẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn náà kò burú. Bí imú rẹ bá ṣì ń gbọ́ ọ, ara rẹ le. Ìgbà tí imú bá dédé dákẹ́, tí o ò gbọ́ òórùn kankan mọ́, sá! Gáàsì yìí wúwo, ilẹ̀ ló ń gbà rìn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé ìwẹ̀ agbègbè náà fi ní fèrèsé kékeré kan nísàlẹ̀ ògiri, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ó máa gbabẹ̀ jáde. Nígbà òtútù, atẹ́gùn á gbá yìnyín jọ sẹ́nu fèrèsé náà, á dí i pa. Nítorí náà, láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò níbẹ̀. Bàbá Kunihiko ló ń ṣe é. Nígbà tó kú, Fumie bọ́ sí i. Nígbà tí ìbàdí Fumie bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí kò lè gbé ṣọ́bìrì mọ́, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀, ó ní, "Kuni, jọ̀ọ́." Ìyẹn nìkan ló sọ. Láti ọjọ́ náà, Kunihiko a máa gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á kó yìnyín, á sì padà sókè láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Àṣà kejì tún wà. Nílé Ogasa, bí ilé èrò wọn ṣe ń jẹ́, àlejò kì í kọ́kọ́ wọ omi. Onílé obìnrin ló ń kọ́kọ́ wọlé, á ti ọwọ́ bọ omi, á mọ̀ bó ṣe gbóná tó, kó tó pe àlejò. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Fumie ti pinnu pé bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, òun á ti ilé náà pa. Kò sí èrò mọ́. Àwọn tó kù, ọ̀gbẹ́ni Miyazono àti ìyàwó rẹ̀ ni, arúgbó méjì tó ti ń wá lọ́dọọdún látìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Kunihiko gbọ́ wọn láti òkè.

"Ìyá Onílé! Ẹ ṣì wà láyé!" Ohùn ọ̀gbẹ́ni Miyazono nìyẹn.

"Ẹ̀yin náà ṣì ń mí! Ẹ tètè wọlé, kí òtútù má lọ pa yín síbí, mi ò ní ibi tí n ó sin yín sí."

"Ẹ sin mí sínú omi gbígbóná yín, ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí n sì máa bu omi òkú fún àwọn yòókù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ìyá. Kunihiko pàápàá rẹ́rìn-ín lókè. Ó fẹ́ràn àwọn Miyazono. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń lọ, á dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé rẹ̀, á máa wo ìyá rẹ̀ tó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà, tí kò ní gbérí títí ọkọ̀ wọn á fi dé kọ́nà ẹ̀gbẹ́ afárá. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà báyìí, ọwọ́ ìyàwó Miyazono á yọ lójú fèrèsé, á máa jù ú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dọọdún.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Yìnyín ti já bọ́ kíkankíkan mọ́jú. Kunihiko jí, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó ní kóun wo géèmù fìrí kóun tó sọ̀ kalẹ̀. Fìrí! Tsubaki ló kù tí kò tíì rí òpin ìtàn rẹ̀, ìyẹn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó di obìnrin, tó ni ilé èrò ẹnu ààlà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣẹ àlejò kankan rí nìkan ni Tsubaki ń bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, Kunihiko sì ti ń lé e láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láàárọ̀ yìí, ojú Tsubaki yí padà. Yìnyín ń bọ́ nínú géèmù náà. Ó ní, "Ṣé o ti kó yìnyín ẹnu ọ̀nà?" Ìdáhùn méjì yọ: "Mo ti kó o," àti "Kò tó nǹkan, mo ti ṣe é tán." Kunihiko yan ọ̀kan. Tsubaki rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í, ó ní, "Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ fún ọ."

Ìgbà náà ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀.

"Kuni, yìnyín pọ̀ gan-an. Ṣé o ti kó tẹnu fèrèsé?"

Ó gbọ́ ọ yékéyéké. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé íápíìsì ló dí i létí. Ó mọ ohun tí wọ́n bi í, ó mọ ẹni tó bi í. Ṣùgbọ́n Tsubaki ti la ẹnu, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun já ọ̀rọ̀ náà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé tí Tsubaki bá ti sọ̀rọ̀ tán, òun á sáré lọ ṣe é.

"Mo ti kó o, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Jẹun o, má jẹ́ kó tutù."

Ẹyin lohùn. Ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fa ẹsẹ̀ lọ, tó ń di àtẹ̀gùn mú. Ọ̀rọ̀ Tsubaki gùn. Ó sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú, ó sọ ìdí tí kò fi lè ti ilé náà pa. Kunihiko ń sunkún. Ọbẹ̀ tutù lẹ́nu ọ̀nà.

Igbe ìyàwó Miyazono ló yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Kò gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, àárín ilé ló gbà já. Ọ̀gbẹ́ni Miyazono ti di ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mú, ó fẹ́ wọlé. Nínú gíláàsì ilẹ̀kùn náà, Fumie dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, apá aṣọ rẹ̀ kan nínú omi, ó kọjú sí wọn.

"Ẹ má wọlé!" Kunihiko fa arúgbó náà lẹ́wù títí tó fi ṣubú. "Ẹ má wọlé, gáàsì ni!"

"Ìyá ẹ ló wà níbẹ̀ yẹn!"

"Mo mọ̀! Ẹ má wọlé!"

Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ: ẹni tó bá sáré wọlé, òun ni òkú kejì. Fèrèsé ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Ó sáré yí ilé po láìwọ bàtà. Yìnyín ga dé itan rẹ̀ lẹ́nu fèrèsé náà. Ó gbẹ́ ẹ, ó fi ṣọ́bìrì gbẹ́, ó fi ọwọ́ gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde léèékánná. Igi fèrèsé ti dì pọ̀ mọ́ ògiri, ó fi irin ṣọ́bìrì fọ́ ọ. Ó padà, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó sì dúró. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí atẹ́gùn gbá gáàsì náà jáde. Ojú ìyá rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń pè é, "Màmá, Màmá," kò sì gbọdọ̀ lọ. Nígbà tí òórùn ẹyin bíbàjẹ́ padà sí i nímú, ó wọlé, ó gbé e jáde. Kò wúwo rárá. Ó ti kú.

Kò pẹ́ tí ilé kún. Àwọn panápaná dé, ọlọ́pàá dé, àwọn onílé èrò àdúgbò dé. Wakui, ọ̀gá panápaná, tí òun àti bàbá Kunihiko jọ lọ sílé ẹ̀kọ́, bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó ti ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kuni, pẹ̀lẹ́. Bí àgbà bá dé, ìgbàgbé á dé. Ìyá gbàgbé fèrèsé yẹn ni. Bó ṣe rí nìyẹn, àbí?"



"Àgbà wo?" Obìnrin kan tó ni ilé èrò òdìkejì odò ló sọ ọ́. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere o, ṣùgbọ́n ká ní àlejò ló kọ́kọ́ wọlé ńkọ́? Gbogbo wa ni ì bá bá a jìyà rẹ̀! Ẹni tí ò lágbára iṣẹ́ mọ́ yẹ kó ti jókòó sílé."

"Kò gbàgbé rí," ìyàwó Miyazono ní. "Láti ìgbà tí mo ti wà níyàwó, kò gbàgbé rí."

"Ó gbàgbé lónìí," obìnrin náà dá a lóhùn.

Wakui tún yíjú sí Kunihiko. "Ṣáà mi orí sí i, ọmọ mi, ká lè parí ẹ̀."

Mímì orí, kí ló wà níbẹ̀? Ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó sì rọrùn. Òkú ò lè jiyàn. Kunihiko wo ìyá rẹ̀ tí wọ́n da aṣọ bò, obìnrin tó ń purọ́ nítorí rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ó kúnlẹ̀. Ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, bó ṣe ṣe é ní Tokyo.

"Kò gbàgbé," ó ní. "Iṣẹ́ mi ni. Ó bi mí, mo sọ pé mo ti kó o. Mi ò tíì kó o."



"O sọ fún un pé o ti kó o?" Ìyàwó Miyazono ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ṣe géèmù, mà."

"Géèmù kí ni?"

Iwájú orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé èrò."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin òdìkejì odò wo ilẹ̀. Wakui dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ni àwọn Miyazono di ẹrù wọn. Wọn ò bá a sọ̀rọ̀. Ó to bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú imú bàtà síta bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń tò ó. Wọ́n wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Ó jáde tẹ̀ lé wọn, ó dúró síbi tí ìyá rẹ̀ ń dúró sí, ó tẹrí ba. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ náà ń lọ. Nígbà tó mọ̀ pé ó ti kù díẹ̀ kó dé afárá, ó gbé ojú sókè díẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ kì í ṣe. Ọkọ̀ náà dé kọ́nà, ó yà. Ọwọ́ kankan ò yọ.

Ó tún tẹrí ba, ó pẹ́ níbẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi funfun. Yìnyín tún ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó mú ṣọ́bìrì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ kó ti ẹnu fèrèsé ilé ìwẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀ mọ́.