Ìràwọ̀ Níwájú Gbólóhùn Màmá

Ìyá Ṣọlá, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní kí n tó gbàgbé. O mọ̀ pé èmi ni mò ń tẹ ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ èdè ní yunifásítì, èyí tí wọ́n ti ń ṣàlàyé èdè Faransé, Potogí àti tiwa. Bí gbólóhùn kan bá wà tí àwọn tó ni èdè kì í sọ, ìràwọ̀ kékeré ni mo máa ń tẹ̀ síwájú rẹ̀.

Lójú àlá, ojú ìwé náà tutù bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Gbólóhùn kẹrìnlá ni “Màmá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.” Ìràwọ̀ wà níwájú rẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, a máa ń sọ èyí.”

Ọ̀gá ò gbójú sókè. “Ta ló ń sọ ọ́? Pe ẹni náà kó wá sọ ọ́ níbí.”

Mo fi rọ́bà pa ìràwọ̀ náà rẹ́, àmọ́ ìràwọ̀ ọ̀hún há sábẹ́ èékánná mi. Nígbà tí mo tún wo ìwé, gbogbo gbólóhùn ló ti ní ìràwọ̀, àfi “Màmá ti lọ.”

Bí mo ṣe jí nìyẹn. O mọ̀ pé ara Màmá mi ò tíì le dáadáa. Mo pè wọ́n kí n tó bọ́jú.

Wọ́n ní, “Kí ló dé tí ò ń mí bí ẹni tó sáré? Mo ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àbí o ò fẹ́ kí n wá mọ́ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú la ṣì wà, Ìyá Ṣọlá, mo sì ti fọ èékánná mi lẹ́ẹ̀mejì.