Ìlà Tí Iná Fà

"Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, tún un wò," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo ti wò ó títí ojú ń ro mí. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀."

Níbi iṣẹ́, Dọ́kítà ni tọkọtaya yìí máa ń pe ara wọn. Bí ẹ bá ti gbọ́ Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ nínú yàrá ìwádìí yẹn, ẹ yáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ilé.

Ọkọ ló ń po aró tó ní káábọ́ọ̀nù nínú, tó ń dà á sórí gíláàsì títí yóò fi di awọ kan báyìí, tí awọ àlùbọ́sà nípọn jù ú lọ fíìfíì. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa fi sọ oòrùn di iná mànàmáná. Ìyàwó ló ń fi maikirosikóòpù wò ó, tó ń ya àwòrán rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ń hù lára awọ náà, ọkọ sì ti fi wọ́n ṣe ẹ̀rí, ó sọ fáyé gbọ́ pé awọ òun ń to ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́la ni yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò sọ bóyá wọ́n á gbà á síṣẹ́ pátápátá tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Láàárọ̀ yìí ni ìyàwó jáde lọ dá ìyá rẹ̀ lóhùn lórí fóònù, ó gbàgbé iná ẹ̀rọ tó fi ń wo awọ náà ní títàn. Kó tó padà dé, ìlà ti kún bámú níbi tí iná ń tàn sí. Ó sún gíláàsì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Iná wa ló ń fà á," ó ní. "Iná tí a fi ń wò ó ló ń sun ún."

"Ìwọ lo ya gbogbo àwòrán yẹn, àbí èmi ni?"

"Èmi ni. Ta ló ní kí n máa tan iná dé góńgó, kí àwòrán lè hàn kedere?"

Inú ń bí ọkọ, ẹ̀rù sì ń bà á ju bí inú ṣe ń bí i lọ. Ó mú gíláàsì tuntun wá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dín iná kù, ó wò ó fìrí, ó pa iná. Wọ́n jókòó títí. Nígbà tó tún wò ó, awọ náà wà bó ṣe wà, ìlà kankan ò hù lára rẹ̀.

"Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi."

"Ìyàwó mi ni ọ́."

"Ohun tó mú un burú gan-an nìyẹn. Ojoojúmọ́ la ó jọ máa wo ojú ara wa."

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ọkọ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n lè ní kí n máa lọ, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀. Àyà mi ń já."

Ọkọ ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi àwòrán ibi tí kò sí nǹkan kan síwájú gbogbo èyí tó kù. "Wọ aṣọ tó dáa lọ́la."

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Wọn ò pè mí."

"Ìwọ lo rí i. Ìwọ ni wàá sọ bó o ṣe rí i."

Látìgbà tí ìyàwó ti ń ya àwòrán, orúkọ rẹ̀ kò kọjá ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣèrànwọ́. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì.

"Ẹ sún díẹ̀," ó ní, "ká kọ ọ́ bó ṣe rí."