Ìwé Adìyẹ Àǹtí Ọmọ́wùnmí

Kò sí ẹni tó fipá mú Ọmọ́wùnmí fọ́nnu. Ohun tí Màdáámú Ọláyẹmí, ọ̀gá ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìgàndó, sọ níbi ìpàdé kò ju pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àwòrán tó fẹ́ràn jù nígbà tó wà ní kékeré wá, kó kà á fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì, lójú àwọn òbí wọn. Àwọn olùkọ́ yòókù ní àwọn á lọ wá ti àwọn rà. Ọmọ́wùnmí ní ti òun kò sí lọ́jà kankan.

"Adìyẹ pupa kan ló wà níbẹ̀," ó ní, "wọ́n fẹ́ fi í fọ́kọ ní Ìbàdàn, kò sì fẹ́ lọ. Gbogbo ìwé tí mo ti kà láti ìgbà yẹn, mi ò tíì rí èyí tó dùn tó o."

Ó sọ ọ́ débi pé Màdáámú fi orúkọ rẹ̀ sí ìparí, bí ẹran tí ọmọdé ń fi sílẹ̀ jẹ kẹ́yìn.

Ìwé náà wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ló mú un wálé nígbà tí Ọmọ́wùnmí wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ a máa kà á fún un lórí ẹní ní ìrọ̀lẹ́, títí tó fi bí ọmọ mìíràn, tó sì kó ìwé sínú àpótí kí ìkókó má baà fà á ya. Láti ìgbà náà, ojú Ọmọ́wùnmí kò kàn án mọ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Nígbà tó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, Màámi ní kó fọkàn balẹ̀, òun ń bọ̀ wá ṣe ìdúpẹ́ ìkórè nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìkọ̀tún lọ́jọ́ Ẹtì yẹn gan-an, òun á kọ́kọ́ gba ilé ìwé kọjá.

Ó ku olùkọ́ kan kó kan Ọmọ́wùnmí nígbà tí Màámi wọlé pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ó fa ìwé náà yọ látinú ọ̀rá, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ rọra jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́yìn.

Wọ́n pe Ọmọ́wùnmí. Èèpo ìwé ti ya kúrò tipẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán àkọ́kọ́ ṣì wà bó ṣe mọ̀ ọ́n: adìyẹ pupa dorí kodò, ó ń ronú ọkọ tí kò fẹ́. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú Ọmọ́wùnmí. Ó na àwòrán náà sí àwọn ọmọ, ó wo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ohùn tó dùn kà á:

"'Bí ìgbẹ́ adìyẹ yín bá ń rí bí omi ẹ̀fọ́, ẹ tètè pe dókítà ẹran.'"

Àwọn òbí ń wo ara wọn lójú.

"Ìgbẹ́," ni ọmọ ọdún mẹ́rin kan tí wọ́n ń pè ní Testimony wí níwájú. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń yí gbiri lórí ẹní.

Ọmọ́wùnmí sáré ṣí ojú ìwé kejì. Wòlíì tó wá gbàdúrà fún ìyàwó nínú ìtàn tó mọ̀ dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára gún adìyẹ ní àyà. Ó ṣí ìkẹta. Mọ́tò gígùn tó kó wọn lọ Ìbàdàn ni wọ́n pè ní àgò tí wọ́n ń sin adìyẹ sí. Ó mọ̀ pé ìyá òun kò lọ ilé ìwé rí, kò kàn so ó pọ̀ mọ́ ìwé adìyẹ ni. Gbogbo ìyìn tó ti ń kó fún ẹni tó kọ ìwé náà láti ọjọ́ yìí, ẹni tó ni ín ló jókòó sórí àga ọmọdé lẹ́yìn yẹn.

"Àǹtí, ẹ ka ti ìgbẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Testimony wí.

Màámi dìde. "Ọmọ́wùnmí, kí lò ń kà yẹn? Ibẹ̀ kọ́ jàre. Gbé e wá."

Ó gba ìwé, ó gbé àwòrán kọjú sí àwọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Wòlíì gbàdúrà tán, ó ní ọmọ yìí kò ṣàìsàn, ọkọ ni kò fẹ́. Nígbà tó dé ojú ìwé tó kún fún nọ́ńbà, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀, ó ní orúkọ àwọn tó wá síbi ìgbéyàwó nìyẹn, wọ́n pọ̀ jù, ká fò wọ́n. Adìyẹ dé Ìbàdàn, ó bi àkùkọ pé ta ni yóò máa gbálẹ̀ láàárọ̀. Àkùkọ ní òun á máa kọ, ìyàwó á máa gbálẹ̀. Adìyẹ kò tilẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi padà sínú mọ́tò.

Àwọn ìyá tó wà níjòókòó ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Bàbá Bàrákàt, tó ń sin adìyẹ ní Òkè-Odò, na ọwọ́ sókè. "Màdáámú, ẹ jọ̀ọ́, kí Àǹtí padà sí ojú ìwé kìíní. Ti àwọn adìyẹ tèmi ti ń rí bí omi ẹ̀fọ́ láti ọjọ́ Ajé." Ó fi fóònù rẹ̀ ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Màámi ti ìjọ dé ilé, Ọmọ́wùnmí bi í pé, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?"

"O ní kí n kà á, mo kà á," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an?"

Ọmọ́wùnmí ka ojú ìwé méjì. Màámi fi ọwọ́ lérán, ó gbọ́ ọ títí.

"Ẹni tó kọ ọ́ yẹn," ó ní, "kò wo àwòrán náà rárá."

Lọ́jọ́ Ajé, Màdáámú ránṣẹ́ pé àwọn ọmọ kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàwé fún àwọn àfi Màmá aláṣọ funfun. Màámi ní kò burú, òun á sún ìrìn àjò òun síwájú, kí wọ́n ṣáà kó èyí tó bá ní àwòrán dáadáa wá, kí wọ́n má fi èyí tó kún fún ọ̀rọ̀ yọ òun lẹ́nu.