Ìyá Mi Níwájú Àwọn Òbí

Òyìnbó tó wá kọ́ àwa tíṣà bí a ṣe ń fi igbó àti omi kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ sọ pé nílùú tòun, inú yìnyín làwọn ọmọ ti ń ṣeré: wọ́n á wọ ẹ̀wù òtútù, wọ́n á sì yáná. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ yáná ní Ijede nínú oṣù kẹta? Nígbà tí mo padà sí ilé-ìwé wa, mo tún ètò náà ṣe bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Àárọ̀ kùtù là ń jáde lọ sétí ọ̀sà, a ó sì ti wọlé kí oòrùn tó mú. Bí òjò bá dé, a ó sá sábẹ́ àtíbàbà àwọn apẹja.

Ìyá mi, Fàlílátù, ni mo bẹ̀ kó máa wá bá mi kọ́ wọn. Ó ti dẹ akàn títí kó tó di ẹni tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ní gbogbo Ọjọ́rú ló ń wá. Ó ń fi ihò akàn hàn wọ́n, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń hun ìgèrè tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, ó sì ń bá wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, n kò sì jowú.

Àwọn òbí ni kò gbádùn ìjáde náà. Ìdájí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbéra lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, bí wọ́n bá sì dé, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń bá lára yunifọ́ọ̀mù. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, pe ìpàdé, ó ní ohun tí òbí bá fẹnu kò sí lòun máa ṣe. Mo bẹ ìyá mi kó wá gbà mí sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àgbà ń wọ̀ wọ́n létí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nílé mi, ó nu ẹnu, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun máa gbèjà mi.

Ìyá Oríyọmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ bi ìyá mi léèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ẹlẹ́ja tó ń mú ọmọ mi wọnú ẹrẹ̀?" Ìyá mi dìde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èmi ni mo bí tíṣà yìí," ó wí. "Inú ẹrẹ̀ ni mo ti rówó rán an níwèé, kó má baà tẹ ẹrẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ̀yin òbí rí, òun lèmi náà rí. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ jókòó sí kíláàsì."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ti parí, kò tún sí ìjáde mọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ká ní àlejò ló ṣe é, ǹ bá bú u kí n sì gbàgbé.

Mo sìn ín dé gáréèjì ní Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé kí ló dé.

"Ojú tì mí, Mùnírátù. Àti pé ìyà tó jẹ mí lo sọ di eré ọmọ olówó."

"Kí lẹ wá ń wá ṣe ní gbogbo Ọjọ́rú, tẹ́ ẹ ń bá wọn rẹ́rìn-ín?"

"Ìwọ ni mo ń wá wò."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti dalẹ̀ mi, òótọ́ yẹn ò sì pa ìbínú mi. Awakọ̀ ń pe èrò Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi gbé báàgì rẹ̀, ó dúró dè mí kí n kúnlẹ̀, kó súre fún mi bó ṣe máa ń ṣe.

Orí ìdúró ni mo wà tí mo fi ní, "Ẹ máa lọ ire, màmá."

Ọwọ́ tó fẹ́ gbé lé mi lórí, ó fi tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì wọkọ̀.